Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Gbígbé Virtual Machine Kalẹ̀ àti Yíyan Operating System Tí Yóò Wà Nínú Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ohun tí ẹ máa yàn nígbà tí ẹ bá ń gbé virtual machine kalẹ̀ ni ó ṣe é yí padà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni kò ṣe é yí padà àfi kí ẹ tún iṣẹ́ náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, operating system (sọ́fítíwíà tí ó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows tàbí Linux) sì ni olórí wọn. Ìdí nìyí tí àwọn ìdáhùn ìsàlẹ̀ yìí fi pẹ́ lórí àwọn ọ̀rọ̀ kan, tí wọ́n sì tètè kọjá lórí àwọn mìíràn.

Kí ni virtual machine gan-an?

Virtual machine, tí a óò máa pè ní VM láti ìsinsìnyí lọ, ni kọ̀ǹpútà tí sọ́fítíwíà dá sílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà gidi. Ó ní CPU (ẹ̀rọ tí ń ṣe ìṣirò), RAM (ìrántí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́), díìsìkì àti káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì tirẹ̀, operating system (OS) tí ẹ bá sì gbé sínú rẹ̀ yóò máa bá wọn lò bí ẹni pé ojúlówó ni wọ́n. Ní tòótọ́, díìsìkì VM sábà máa ń jẹ́ fáìlì ńlá kan lórí díìsìkì yín, RAM rẹ̀ sì jẹ́ apá kan nínú RAM yín tí a yà sọ́tọ̀ fún un. Sọ́fítíwíà tí ó ń pín nǹkan wọ̀nyí, tí ó sì ń ṣọ́ ààlà tí ó wà láàárín wọn, ni a ń pè ní hypervisor. Nínú àwọn ìdáhùn yìí, onílé ni kọ̀ǹpútà gidi, àlejò sì ni VM.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. IBM ti gbé VM/370 jáde fún àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá ní ọdún 1972, VMware sì mú irú rẹ̀ wá sórí kọ̀ǹpútà orí tábìlì ní ọdún 1999. Ohun tí ó mú kí ó yára tó bí a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí ni pé Intel ní ọdún 2005 àti AMD ní ọdún 2006 bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìrànlọ́wọ́ fún VM mọ́ inú CPU fúnra rẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá kọ̀ǹpútà mi lè gbé VM?

Lórí Windows, ẹ ṣí Task Manager, ẹ lọ sí Performance, ẹ tẹ CPU, kí ẹ sì wo ibi tí wọ́n kọ Virtualization sí. Bí ó bá jẹ́ Enabled ni ẹ rí níwájú rẹ̀, kò sí wàhálà. Lórí Linux, ẹ tẹ àṣẹ `lscpu`, kí ẹ sì wá VT-x tàbí AMD-V nínú ohun tí ó bá kọ jáde. Bí Windows bá kọ Disabled, ẹ má tíì sọ ìrètí nù, nítorí pé ohun tí ó sábà máa ń fà á ni pé wọ́n ti pa á láti inú BIOS, ètò tí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ máa ń lò kí OS tó jí. Ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn, ẹ wọ inú BIOS, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Intel Virtualization Technology tàbí SVM Mode sí, ẹ ṣí i, kí ẹ sì tọ́jú àyípadà náà kí ẹ tó jáde.

Ní ti RAM, 8 GB lè gbé VM Linux kékeré kan láìsí ariwo, ṣùgbọ́n láti 16 GB lọ sókè ni ìrọ̀rùn ti bẹ̀rẹ̀. Bí díìsìkì yín bá jẹ́ irú èyí tí ó ń yí, tí kì í ṣe SSD, VM yóò ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ óò máa dúró dè é.

Hypervisor wo ni kí n lò?

Ohun tí ó wà nílé yín ni yóò kọ́kọ́ sọ. Bí ẹ bá ń lo Linux, KVM ti wà nínú kernel, ìyẹn ọkàn Linux, láti ọdún 2007. Virt-manager nìkan ni ẹ máa fi kún un kí ẹ lè máa rí i ní àwòrán. Bí ẹ bá ń lo Windows Pro, Enterprise tàbí Education, Hyper-V wà níbẹ̀, ṣíṣí ni ẹ máa ṣí i. Kò sí nínú Windows Home. VirtualBox ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Linux àti macOS, ọ̀fẹ́ sì ni. VMware Workstation Pro, tí àwọn ènìyàn ń sanwó fún tẹ́lẹ̀, ti di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ènìyàn láti oṣù kọkànlá ọdún 2024. Fún ẹni tí ó ń kọ́ ọ, VirtualBox ni mo máa ń tọ́ka sí, kì í ṣe nítorí pé òun ló yára jù, bí kò ṣe pé ọ̀pọ̀ ìwé ìkọ́ni ni ó fi í ṣe àpẹẹrẹ.

Báwo ni mo ṣe lè yan OS tí ó yẹ?

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ OS. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí iṣẹ́ tí VM náà fẹ́ ṣe, kí ẹ sì wo ohun tí àwọn tó ṣe sọ́fítíwíà tí ẹ fẹ́ lò kọ sílẹ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ sọ́fítíwíà ìṣírò owó tí wọ́n ṣe fún Windows nìkan ni, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Bí wọ́n bá sì kọ ọ́ pé Ubuntu 22.04 tàbí 24.04, tí ó jẹ́ irú Linux kan, ni àwọn dán an wò lé lórí, kò sí ìdí tí ẹ fi máa gbé e lọ sórí OS mìíràn, kí ẹ wá máa fi òru wá ìdí tí kò fi jí.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ máa bi ara yín léèrè pé títí di ìgbà wo ni àwọn tó ni OS náà yóò máa fún un ní àtúnṣe ààbò. Èyí ni ìbéèrè tí àwọn ènìyàn máa ń fò jù, tí ó sì máa ń dùn wọ́n jù lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ubuntu máa ń gbé ẹ̀yà tí wọ́n ń pè ní LTS (èyí tí ìtọ́jú rẹ̀ máa ń pẹ́) jáde ní ọdún méjì méjì, wọ́n sì máa ń tọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ fún ọdún 5. Àwọn ẹ̀yà tí kì í ṣe LTS kì í rí ju oṣù 9 lọ. Debian ń gba ìtọ́jú nǹkan bí ọdún 5 bí a bá ka ti LTS rẹ̀ mọ́ ọn. AlmaLinux àti Rocky Linux ń tẹ̀lé ìṣirò Red Hat (ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Linux fún àwọn ilé iṣẹ́), tí ó jẹ́ ọdún 10. Fún VM tí ẹ fẹ́ dán nǹkan wò nínú rẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀, ọ̀rọ̀ ọdún wọ̀nyí kò kàn yín. Fún èyí tí iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn máa gbára lé, òun ni ẹ̀kejì nínú ohun tí ẹ máa gbé yẹ̀ wò.

Àpẹẹrẹ kan wà tí àwọn tó ń tọ́jú sáfà (kọ̀ǹpútà tí ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn) kò ní tètè gbàgbé. Wọ́n ti sọ fún àwọn tó ń lo CentOS Linux 8 pé ìtọ́jú rẹ̀ máa dé ọdún 2029. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, a kéde pé yóò dópin ní ìparí ọdún 2021. Ìgbà yẹn gan-an ni a dá AlmaLinux àti Rocky Linux sílẹ̀, ọ̀pọ̀ sì kó ẹrù wọn lọ síbẹ̀. Nítorí náà, ẹ tún wo ẹni tí ó ń bójú tó OS náà, yálà ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni tàbí ẹgbẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń darí.

Tí ó bá jẹ́ Linux ni, tí iṣẹ́ náà kò sì béèrè èyíkéyìí ní pàtó ńkọ́?

Fún sáfà kékeré, Debian tàbí Ubuntu Server LTS ni mo máa mú, nítorí pé bí nǹkan bá bàjẹ́, ẹni tí ó ti bá irú rẹ̀ pàdé kò ní ṣọ̀wọ́n. Bí iṣẹ́ tí ẹ ń mura sílẹ̀ fún bá jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tó ń lo Red Hat, ẹ mú AlmaLinux tàbí Rocky Linux, kí ọwọ́ yín lè mọ́ àṣẹ `dnf` (tí a fi ń gba sọ́fítíwíà) àti SELinux (ètò ààbò rẹ̀). Alpine Linux fúyẹ́ gidigidi, ó sì wù mí fún iṣẹ́ kéékèèké, ṣùgbọ́n musl ni ó ń lò dípò glibc, sọ́fítíwíà tí wọ́n bá ti kọ́ fún glibc sì lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí gbólóhùn yẹn túmọ̀ sí kò tíì nílò Alpine.

Ṣé kí n mú èyí tí ó ní àwòrán ojú kọ̀ǹpútà tàbí ti sáfà?

Bí ẹ bá fẹ́ jókòó síwájú rẹ̀ kí ẹ máa fi mouse ṣiṣẹ́, ẹ mú ti desktop. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ti sáfà ni. Ó ń jẹ RAM díẹ̀, nǹkan tí ó nílò àtúnṣe nínú rẹ̀ sì kéré.

Kí ni mo gbọ́dọ̀ mọ̀ bí mo bá fẹ́ gbé Windows sínú VM?

Windows 11 ń béèrè TPM 2.0 (ẹ̀rọ ààbò tí ń pa kọ́kọ́rọ́ mọ́), UEFI (arọ́pò BIOS) tí ó ní Secure Boot, RAM 4 GB, CPU tí ó ní core (ẹ̀ka ìṣirò inú CPU) méjì ó kéré tán, àti díìsìkì 64 GB. Bí VM bá ṣaláìní ọ̀kan nínú wọn, installer yóò sọ pé kọ̀ǹpútà yìí kò lè gbé Windows 11, yóò sì dúró síbẹ̀. VirtualBox ti ní TPM láti ẹ̀yà 7.0 tí ó jáde ní ọdún 2022, nítorí náà bí VirtualBox yín bá ti gbó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ di tuntun. Ìtọ́jú ọ̀fẹ́ tí Microsoft ń ṣe fún Windows 10 ní gbogbogbòò dópin ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Ẹ má fi í ṣe OS VM tuntun àyàfi bí sọ́fítíwíà àtijọ́ kan bá fi dandan lé e.

Lórí KVM, ìdènà kan wà tí ó máa ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú. Bí díìsìkì VM bá jẹ́ irú virtio, tí a ṣe fún VM ní pàtó, installer Windows yóò sọ pé òun kò rí díìsìkì kankan. Díìsìkì náà kò bàjẹ́. Ẹ so fáìlì ISO (ẹ̀dà odidi CD nínú fáìlì kan) tí ó ní awakọ̀ (driver) virtio mọ́ VM gẹ́gẹ́ bí CD kejì, ẹ tẹ Load driver, kí ẹ sì mú awakọ̀ díìsìkì tí ó bá ẹ̀yà Windows yín mu. Díìsìkì náà yóò yọjú lójú ẹsẹ̀.

Ní ti ìwé àṣẹ, èyí tí ẹ rà fún kọ̀ǹpútà onílé kò kan àlejò. VM kọ̀ọ̀kan nílò tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ dán an wò ni, Microsoft ń fúnni ní Windows Server fún ìdánwò ọjọ́ 180 àti Windows Enterprise fún ọjọ́ 90.

macOS ńkọ́?

Àdéhùn Apple gbà á láàyè lórí kọ̀ǹpútà Apple nìkan. Bí onílé kò bá jẹ́ Mac, ẹ gbé e kúrò lọ́kàn.

Mac tèmi jẹ́ èyí tó ń lo M1. Kí ló dé tí fáìlì ISO tí mo gbà sílẹ̀ kò fi tàn?

Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé irú CPU ni kò bára mu. Láti ìparí ọdún 2020 ni Apple ti ń kó CPU ARM sínú Mac, nígbà tí ọ̀pọ̀ fáìlì ISO tí a ń rí kọ́kọ́ jẹ́ ti CPU Intel àti AMD, tí orúkọ wọn máa ń ní amd64 tàbí x86_64. Hypervisor kì í yí irú CPU padà. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ arm64 tàbí aarch64 sí lára. Ubuntu, Debian, AlmaLinux àti Windows 11 ló ní in. Sọ́fítíwíà bíi UTM lè lo QEMU láti ṣe àfarawé CPU Intel fún yín, ṣùgbọ́n ó máa ń falẹ̀ débi pé ẹni tí ó ní sùúrù gan-an ló lè fi ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́.

Mélòó ni kí n fún VM nínú RAM, CPU àti díìsìkì?

Ubuntu Server lè fi RAM 2 GB àti core kan tàbí méjì bẹ̀rẹ̀. Ubuntu Desktop nílò 4 GB ó kéré tán àti díìsìkì 25 GB. Fún Windows 11, 4 GB tí wọ́n kọ sílẹ̀ yẹn kàn ń jẹ́ kí ó jí ni. 8 GB ni ẹ máa fún un kí ẹ tó lè ṣiṣẹ́. Ẹ má ṣe fún gbogbo àlejò lápapọ̀ ní ohun tí ó ju nǹkan bí ìdajì RAM onílé lọ, nítorí pé bí onílé bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá RAM kiri, àti òun àti àlejò ni yóò jọ falẹ̀.

Ní ti díìsìkì, ẹ yan irú èyí tí ń dàgbà díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá sọ pé 60 GB ni, fáìlì náà yóò kéré ní ìbẹ̀rẹ̀, yóò sì máa tóbi bí ẹ ti ń kó nǹkan sínú rẹ̀. Ohun tí kì í sábà ṣe fúnra rẹ̀ ni pé kí ó sọ̀ kalẹ̀: bí ẹ bá pa 20 GB rẹ́ nínú àlejò, ó lè jẹ́ pé bí fáìlì náà ti tóbi tó tẹ́lẹ̀ ni ẹ óò ṣì bá a lórí onílé.

Àwọn nǹkan wo ni kò ṣe é yí padà lẹ́yìn náà?

Ìwọ̀n RAM, iye core àti ètò nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe é yí padà nígbàkígbà tí VM bá wà ní pípa. Díìsìkì ṣe é fẹ̀, bí ẹ bá rántí pé lẹ́yìn fífẹ fáìlì náà, ẹ ṣì ní láti fẹ ìpín tí ó wà nínú rẹ̀ láti inú àlejò. Dídín in kù ni iṣẹ́ wà. Àwọn ìpín tí a fi XFS (ọ̀nà kan tí a ń gbà to fáìlì sórí díìsìkì) ṣe, tí AlmaLinux àti Rocky Linux máa ń lò, kò tilẹ̀ ṣe é dín kù bí a ṣe ń dín àwọn mìíràn kù. Nítorí náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti kékeré.

Ọ̀rọ̀ BIOS àti UEFI le ju ìyẹn lọ. OS tí a gbé sínú VM nígbà tí ó wà lórí BIOS àtijọ́ kò sábà ní jí bí ẹ bá yí i sí UEFI, bẹ́ẹ̀ náà ni ní òdì kejì. Nínú Hyper-V, Generation 1 àti Generation 2 ni wọ́n ń pè é, tí ẹ bá sì ti yan ọ̀kan, kò sí bọ́tìnnì tí ó máa yí i padà. Ẹ yan UEFI fún gbogbo OS òde òní. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni irú CPU, tí a ti sọ̀rọ̀ rẹ̀, àti OS fúnra rẹ̀.

Báwo ni iṣẹ́ náà ṣe ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin?

Ẹ gba fáìlì ISO láti ojú ìkànnì àwọn tó ni OS náà, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó lò ó. Lórí Linux, ẹ tẹ `sha256sum` àti orúkọ fáìlì náà. Lórí Windows, `Get-FileHash` nínú PowerShell. Ẹ fi èyí tí ó bá jáde wé èyí tí wọ́n kọ sójú ìkànnì. Bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yàtọ̀, ẹ gba òmíràn, nítorí pé ISO tí kò pé máa ń jẹ́ kí iṣẹ́ dúró ní àárín, pẹ̀lú àlàyé tí kò jọ mọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ rárá.

Ẹ dá VM sílẹ̀, ẹ fún un ní orúkọ tí ó sọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹ so ISO mọ́ ọn, kí ẹ sì tàn án. Àwọn ìbéèrè installer kò le: èdè, kíbọ́ọ̀dù, àkókò, orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà. Nígbà tí ó bá sọ pé òun máa pa gbogbo ohun tí ó wà lórí díìsìkì rẹ́, díìsìkì VM ni ó ń sọ, kì í ṣe tiyín. Bí ẹ bá ń ṣe Ubuntu Server, ẹ má gbàgbé láti fàmì sí Install OpenSSH server, nítorí pé SSH ni ẹ máa fi wọ inú rẹ̀ láti kọ̀ǹpútà mìíràn. Bí ó bá parí tí ó sì tún ara rẹ̀ tàn, tí ẹ tún bá ojú ewé tí ń béèrè èdè, ISO ṣì wà nínú CD ni; ẹ yọ ọ́, kí ẹ tún un tàn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gba gbogbo àtúnṣe ààbò, kí ẹ sì fi ètò ìrànlọ́wọ́ tí hypervisor yín ní kún un: Guest Additions fún VirtualBox, open-vm-tools fún VMware lórí Linux. Láìsí i, ojú kọ̀ǹpútà àlejò kì í tẹ̀lé bí ẹ ṣe ń fẹ fèrèsé rẹ̀.

Mo fẹ́ wọ inú VM láti ọ̀dọ̀ onílé pẹ̀lú SSH, ṣùgbọ́n kò jẹ́. Kí ló dé?

Nítorí pé NAT, ètò tí àlejò fi ń gba ọ̀dọ̀ onílé jáde, ni VirtualBox máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Àlejò lè jáde lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n àdírẹ́sì rẹ̀, tí ó sábà máa ń jẹ́ 10.0.2.15, kò ṣe é wọlé sí láti ìta. Ẹ ṣí ọ̀nà kan nínú Port Forwarding, kí port (ẹnu ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì) 2222 ti onílé máa darí sí port 22 ti àlejò, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ `ssh -p 2222` pẹ̀lú orúkọ yín àti 127.0.0.1. Bí ẹ bá fẹ́ kí VM dà bí kọ̀ǹpútà mìíràn lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín, Bridged ni ẹ máa yàn. Host-only jẹ́ ti onílé àti àwọn àlejò nìkan.

VM mi ń falẹ̀ gan-an lórí VirtualBox. Kí ni mo lè ṣe?

Ẹ wo ìsàlẹ̀ fèrèsé VM náà, ní apá ọ̀tún. Bí ẹ bá rí àwòrán ìjàpá aláwọ̀ ewé, ó túmọ̀ sí pé Hyper-V ti gba CPU mọ́wọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ni VirtualBox ń gbà ṣiṣẹ́. WSL 2 (ètò tí ń gbé Linux sínú Windows) àti Memory integrity inú Windows Security náà máa ń fà á. Ẹ lè pa wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ààbò ni Memory integrity jẹ́. Ó lè tẹ́ yín lọ́rùn jù láti kúkú lo Hyper-V fúnra rẹ̀.

Ṣé snapshot ti tó gẹ́gẹ́ bí ẹ̀dà ìpamọ́?

Kò tó. Snapshot ń jẹ́ kí ẹ padà sí bí VM ṣe rí kí ẹ tó dán nǹkan wò, ṣùgbọ́n fáìlì díìsìkì àkọ́kọ́ ni ó gbára lé, orí díìsìkì kan náà ni wọ́n sì jọ wà. Bí díìsìkì yẹn bá kú, wọ́n jọ lọ ni. Ẹ pa VM, kí ẹ da gbogbo fódà rẹ̀ kọ sí ibòmíràn.

Bí ó bá jẹ́ pé mo ń yá VM lórí cloud ńkọ́?

Àwọn ìbéèrè náà kò yàtọ̀, àfi pé kò sí ISO. Ẹ máa yan OS nínú àwọn tí wọ́n ti tò sílẹ̀. Ẹ yàn án dáadáa, nítorí pé yíyí i padà sábà máa ń túmọ̀ sí pé kí a nu díìsìkì náà. Windows máa ń wọ́n ju ọ̀pọ̀ Linux lọ níbẹ̀, nítorí pé owó ìwé àṣẹ wà nínú owó wákàtí. Lórí AWS, orúkọ tí ẹ máa fi wọlé sí Ubuntu ni `ubuntu`, ti Debian ni `admin`, ti Amazon Linux ni `ec2-user`. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó rò pé kọ́kọ́rọ́ SSH òun kò ṣiṣẹ́, orúkọ ni ó ṣì. Ẹ má ṣí port 22 (ti SSH) tàbí 3389 (ti Remote Desktop Windows) sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ẹ sì mọ̀ pé bí ẹ bá pa VM, owó CPU lè dúró, ṣùgbọ́n owó díìsìkì rẹ̀ ṣì ń lọ.

Mo da VM kan kọ, VM méjèèjì sì ń gba àdírẹ́sì IP kan náà. Kí ló fà á?

Nígbà tí ẹ ń dà á kọ nínú VirtualBox, ẹ yan pé kí ó ṣe àdírẹ́sì MAC (nọ́ńbà ìdánimọ̀ káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì) tuntun fún gbogbo káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bí ẹ bá ti ṣe èyí tí ó ṣì ń ṣẹlẹ̀, ẹ wo `/etc/machine-id`: Ubuntu Server máa ń fi í ṣe ìdánimọ̀ nígbà tí ó bá ń béèrè IP, ẹ̀dà tuntun náà sì ti jogún ti àkọ́kọ́. Ẹ tẹ `sudo truncate -s 0 /etc/machine-id` nínú ẹ̀dà náà, kí ẹ sì tún un tàn. Yóò ṣe tuntun fún ara rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ SSH ti sáfà náà jẹ́ ohun tí wọ́n jọ jogún, nítorí náà ẹ pa àwọn fáìlì `/etc/ssh/ssh_host_*` rẹ́, kí ẹ sì tẹ `sudo dpkg-reconfigure openssh-server`. Fún Windows, Sysprep, irinṣẹ́ tí ń nu ìdánimọ̀ rẹ̀ kúrò, ni ẹ máa lò kí ẹ tó da VM náà kọ rárá.